Bí Mo Ṣe Lọ Fọwọ́ Tẹ Kọ̀ǹpútà Onípáálí ní Ajíbọ́dé

Gbogbo ẹni tó ti rí mi láti àná ló ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ràṣídì, ṣé o rí kọ̀ǹpútà ọ̀hún?" Mo rí i. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Páálí ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín tán, kó wá fa àpótí jókòó, nítorí n kò lè máa dá ìròyìn yìí ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wá dúró síwájú ìsọ̀ mi bí ẹni tó fẹ́ ra àdá, tó sì jẹ́ pé òfófó ló wá rà.

Ẹ mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ń bá mi kọ yìí lè bọ́ sọ́wọ́ àlejò, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Èmi ni Ràṣídì Aládàá. Àdá, ọkọ́ àti okùn ni mò ń tà nínú ọjà Akanran. Ìwé mi kò jìnnà: mo lè kọ orúkọ mi, mo lè ka Yorùbá tí wọ́n bá kọ ọ́ gàdàgbà, òyìnbó sì máa ń yé mi bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá ń bínú. Àbíkẹ́yìn mi, Mùtíátù, ló wà ní yunifásítì ńlá tó wà lẹ́bàá Ajíbọ́dé. Òun ló wálé lọ́jọ́ kan, tó kúnlẹ̀ síwájú ìsọ̀ mi láàárín ọjà, tí mo ní kó dìde, tí kò dìde.

"Bàbá mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín. Ẹ̀kọ́ kan wà tí mo fẹ́ kọ́ lọ́dún yìí, ibẹ̀ ni ọkàn mi wà. Àwọn tó fẹ́ ẹ pọ̀, wọn kì í sì í gba gbogbo wa. Kí wọ́n tó gbà wá, oníkálukú á mú àgbàlagbà kan wá látilé, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà."

"Pẹ̀lú gbogbo ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà tó kún Akanran yìí, èmi lojú rẹ rí?"

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́, sà."

"Kí ni kí n wá ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ sọ, sà. Àmọ́ bí ọjọ́ yẹn bá bàjẹ́, wọn kò ní gbà mí."

Mo bi í pé kí lorúkọ ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Ó ní ìbáṣepọ̀ ènìyàn àti kọ̀ǹpútà ni. Mo ní ìbáṣepọ̀ bíi ti báwo, ṣé kọ̀ǹpútà fẹ́ wá tọrọ ìyàwó ní agboolé wa ni? Ìyá rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn mi fọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá Mùtíátù," ó ní, "ẹ tẹ̀lé ọmọ. Bí ẹ bá bú wọn tán níbẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ nílé." Bí mo ṣe di arìnrìn-àjò nìyẹn.

Ṣáṣá

Ọ̀dọ̀ wa ní Ọ̀nà-Àrà wà ní ìhà kan, Akínyẹlé, níbi tí Ajíbọ́dé wà, wà ní ìhà kejì, gbogbo Ìbàdàn ló sì dùbúlẹ̀ sáàárín bí erin tó sùn. Ẹni tó bá fẹ́ dé ọ̀hún, inú erin ni yóò gbà kọjá. N kò ní sọ ti ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, kó bi ìdí mi.

Òórùn àlùbọ́sà ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé mo ti dé ọjà Ṣáṣá, kí ojú mi tó rí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pe ara mi ní ọlọ́jà. Nígbà tí mo rí Ṣáṣá, ojú tì mí. Tòmátì nínú apẹ̀rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀; ata tó pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn; ọkọ̀ àjàgbé tó ti Òkè Ọya wá, tí wọ́n tò bí ẹni tó ń retí ìyàwó. Èyí tí àwa ní ní Akanran, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìpàdé ẹbí láti òní lọ.

Mùtíátù ti padà sílé ìwé ṣáájú mi, Ṣáṣá yìí ló ní òun á ti wá pàdé mi. Kò tíì dé. Mo wá tọ ọkùnrin kan lọ tó jókòó sẹ́yìn òkìtì àlùbọ́sà, tó dé fìlà àwọn Hausa. Mo fẹ́ fi hàn án pé èmi náà ti rìn jìnnà. Mo ní, "Sànnú."

"Ẹ káàárọ̀ sà," ó dá mi lóhùn, "ẹ kú ìrìn. Àwọn ará ilé ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?" Yorùbá rẹ̀ dán ju tèmi lọ.

"Ta ló kọ́ ọ ní Yorùbá tó báyìí?"

"Ṣáṣá níbí ni wọ́n bí mi sí, Bàbá. Ta ló kọ́ ẹ̀yin ní Hausa?"

"Gbogbo èyí tí mo gbọ́ ni mo fi kí ọ yẹn."

"Ó hàn, Bàbá."

Mo wò ó títí. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fi ẹnu gbá mi létí báyẹn, inú mi sì dùn bí ẹni tó rí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ lájò. Ó dìde kúrò lórí àpótí rẹ̀, ó fi í fún mi, ó ní àgbà kì í dúró nínú oòrùn níwájú òun. Ó ní kí wọ́n ra máásà wá fún mi lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń fi ìrẹsì lílọ̀ dín in. Ó rí roboto, ó jọ àkàrà, kì í ṣe àkàrà. Ó kan díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu. Mo jẹ ọ̀kan, mo ní kò burú. Mo jẹ ìkejì, mo ní ó dára. Nígbà tí mo kan ìkẹta, n kò sọ nǹkan kan mọ́ títí Mùtíátù fi dé. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé oúnjẹ tó bá lè pa mí lẹ́nu mọ́, oúnjẹ gidi ni.

Ajíbọ́dé

Ilé kún Ajíbọ́dé, yàrá kún ilé, akẹ́kọ̀ọ́ kún yàrá. Ọlọ́kadà tó gbé èmi àti Mùtíátù wọlé wo fìlà mi, ó wo irùngbọ̀n mi, ó ní, "Bàbá onílé, èwo ni ilé yín níbẹ̀?" Mo ní n kò nílé níbẹ̀. Kò gbà. Ní Ajíbọ́dé, ọkùnrin yòówù tó bá ti hu ewú, tó sì dé fìlà, onílé ni. Láti ìkóríta tó já wa sí dé ẹnu ọ̀nà Mùtíátù ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ọmọkùnrin kan tó ń fọṣọ rí mi lókèèrè, ó gbé aṣọ, ó gbé ọṣẹ, ó gbé bàsíà, ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn.

"Ẹ má dá a lóhùn, sà," Mùtíátù ní. "Ó rò pé onílé òun ló rán yín wá ni."

Mo fi ohùn ńlá húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọmọ náà bí mo ṣe ń kọjá. Ẹ jẹ́ kí n gbádùn ara mi. Ní Akanran, ta ló ń sá fún mi?

Àwọn ọmọ ibẹ̀ máa ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Mo kọ́kọ́ rò pé ìwé ló yí wọn lórí. Mo kí ọ̀kan, kò dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín sí afẹ́fẹ́. Mo ti ń ṣa èébú tí mo máa fún un jọ nígbà tó gbójú sókè tó rí mi. Ó fa nǹkan kan yọ létí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Mọ́mì mi ní Ìṣẹ́yìn ni mò ń bá sọ̀rọ̀." Mo ní kó bá mi kí wọn. Ó kí wọn lóòótọ́, ìyá náà sì ní kó kí èmi náà, kí n sì bá òun gba ọmọ òun níyànjú kó máa jẹun. Mo gbà á níyànjú lójú ẹsẹ̀. Bí mo ṣe di alábàárò obìnrin kan ní Ìṣẹ́yìn tí n kò rí rí nìyẹn.

Débọ̀rà ni ọmọbìnrin tó ń bá Mùtíátù gbé yàrá. Ọmọ tíṣà ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Kí n tó béèrè ibi tí ìlà-oòrùn wà, ó ti bu omi àlùwàlá sínú ṣágo fún mi, ó ti tẹ́ ẹní síhà tó yẹ. Ó ní Mùtíátù ló kọ́ òun, òun náà sì máa ń jí i bó bá fẹ́ sùn kọjá àsùbáà. Mo gbàdúrà fún un ní Lárúbáwá, ó dáhùn "Àmín ní orúkọ Jésù". A gba àdúrà yẹn láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sí bí kò ṣe ní gbà.

Oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú mi rí bí okùn tó lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n fọ́ ẹyin sí i lórí. Mo ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta okùn, n kò mọ̀ pé wọ́n ń jẹ ẹ́." Débọ̀rà rẹ́rìn-ín débi pé ó fi ṣíbí sílẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán o. Adùn rẹ̀ kì í dúró nínú ikùn, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́nu.

Ohun tí kò dùn mọ́ mi nínú ni pé Mùtíátù kò jẹ tirẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń fi àlùmọ́gàjí gé páálí, ó ń yàwòrán sí i lára, bí mo bá sì yọjú, á fi aṣọ bò ó.

"Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń ṣe báyìí, Bàbá," Débọ̀rà sọ fún mi jẹ́jẹ́. "Ó ní bí wọn kò bá gba òun, òun kò mọ ohun tí òun tún ń wá nílé ìwé."

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ sí mi lọ́rùn. Títí di ìgbà náà, eré ni mo rò pé mo wá wò.

Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́

Igi inú yunifásítì yẹn tò bí ọmọ ilé kéwú tí ààfáà wọn ń bọ̀. Ilẹ̀ wọn mọ́ débi pé mo gbọn bàtà mi kí n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí àwa àgbà tí àwọn ọmọ mú wá jókòó níwájú. Obìnrin kúkúrú kan wọlé, eyín rẹ̀ ní àlàfo, ó wọ dígí. Gbogbo wọn ń pè é ní Dókítà, mo sì ti fẹ́ sọ ti ẹ̀yìn tó ń dùn mí fún un kí Mùtíátù tó fà mí láṣọ pé kì í ṣe irú èyí. Ó kúnlẹ̀ kí wa níkọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ìkúnlẹ̀ tí orúnkún kì í kan ilẹ̀ o. Ó ní Yorùbá ni gbogbo wọn máa sọ lọ́jọ́ náà, nítorí tiwa.

Ooru mú. Dókítà ní kí ọmọkùnrin kan tan fáànù tó wà lókè orí àwa àgbà. Súwíìṣì tó wà lára ògiri tò bí eyín àgbàdo. Ọmọ náà tẹ ọ̀kan, iná kú. Ó tẹ òmíràn, fáànù ẹ̀yìn pátápátá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó tẹ òmíràn, iná tó kù náà kú. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Láti ìgbà wo lo ti ń jókòó nínú yàrá yìí?" Dókítà bi í.

"Láti ọdún àkọ́kọ́, mà."

"Ṣé òmùgọ̀ ni ọ́?"

"Rárá, mà."

"Bàbá tó ń làágùn yìí ńkọ́?" Èmi ló nawọ́ sí. Mo mi orí kíákíá kí ẹnikẹ́ni tó bá mi dáhùn.

"Rárá, mà!" ni gbogbo kíláàsì sọ. Ọlọ́run á bù kún wọn.

"Ẹni tó to súwíìṣì yìí kò jókòó ti ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ rí," Dókítà ní. "Ohun tí ẹ̀kọ́ wa dá lé nìyẹn. Bí ènìyàn bá ṣi ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ má wo orí ènìyàn, ẹ wo ẹ̀rọ. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú kọ̀ǹpútà, ẹ lọ jókòó ti ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ fún, kí ẹ sì wo ọwọ́ rẹ̀."

Ẹ gbọ́, láti ọjọ́ tí mo ti ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ, èmi ni mo máa ń jẹ̀bi. Bí fóònù bá kọ̀, wọ́n á ní Bàbá kò mọ̀ ọ́n lò. Bí ẹ̀rọ báńkì bá gbé káàdì mì, wọ́n á ní kí ni Bàbá tẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ọ̀mọ̀wé kan máa dìde gbèjà mi níwájú ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ ìbò ni, mo ti dì í fún obìnrin náà.

Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí àwa àgbà lọ dúró lábẹ́ igi níta, wọ́n á máa pè wá wọlé níkọ̀ọ̀kan. Mo jókòó ti ìyá kan tó ti Lálúpọn wá, ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ni. Ṣẹ́gun lorúkọ ọmọ rẹ̀. A jọ ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀, a jọ ń wo àwọn ọmọ tó ń kọjá, a sì jọ ń bú ṣòkòtò wọn. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè.

Kò pẹ́ rárá tó fi jáde. Ṣẹ́gun tẹ̀lé e, orí rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Ìyá Ṣẹ́gun, ó ti parí?"

"Bàbá Mùtíátù, mo ba tọmọ mi jẹ́." Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n já okùn rẹ̀. "Wọ́n gbé nǹkan síwájú mi pé kí n máa tẹ̀ ẹ́, kò yé mi. Mo ní, 'Ṣẹ́gun, èwo ni kí n tẹ̀?' Ó ní, 'Èyí, mọ́mì.' Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

"Torí pé ó dá ìyá rẹ̀ lóhùn?"

"Torí pé ó dá mi lóhùn."

"Kì í ṣe ẹ̀bi yín, mọ́mì," Ṣẹ́gun ní. "Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa. A ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, a ò gbọdọ̀ júwe, títí ẹni tí a mú wá á fi ṣe tán. Ẹnu mi ló yá."

Inú bí mi. Ìwà rere ni wọ́n fi lé ọmọ náà jáde! Mo ti dìde láti lọ sọ tẹnu mi fún Dókítà yẹn nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń pe Mùtíátù. Ìyá Ṣẹ́gun di apá aṣọ mi mú.

"Ohun yòówù tí wọ́n bá gbé síwájú yín, ẹ má pe ọmọ yẹn o. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé èmi ni mi ò wá lè dákẹ́?"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. A ò tíì mọra fún wákàtí mélòó kan, ó ti mọ̀ mí.

Kọ̀ǹpútà Onípáálí

Tábìlì kan ló wà láàárín yàrá. Mùtíátù jókòó sí òdìkejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yí wa ká pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, Dókítà fẹ̀yìn ti ògiri. Níwájú mi ni páálí tí wọ́n gé bíi fóònù tó sanra. Wọ́n ya katakata sí i lókè, katakata tó ń tú ilẹ̀ oko, wọ́n fi ọ̀dà kùn ún ní pupa. Àwọn àwòrán wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo yẹ abẹ́ tábìlì wò, kò sí wáyà, kò sí iná.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀," Dókítà ní. "Fóònù nìyẹn. Ọmọ yín ni ẹ̀rọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ tẹ ibì kan, òun á gbé ìwé mìíràn lé e bí ẹ̀rọ ṣe máa ń yí ojú padà. Ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa sọ̀rọ̀. Ohun tó bá wà lọ́kàn yín, ẹ sọ ọ́ síta, kódà bó jẹ́ èébú."

"Dókítà, ẹ ò mọ ẹni tí ẹ ń fún láyè yẹn."

"Ẹ fẹ́ pe katakata kó wá tú oko yín lọ́jọ́ Ajé. Ó yá, Bàbá."

Katakata! Èmi tí mò ń ta ọkọ́! Ọmọ tí mo fi ọkọ́ tọ́ ló ń wá bí katakata ṣe máa yára dé oko oníbàárà mi. Mo sọ ọ́ síta bí wọ́n ṣe ní. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Mùtíátù kò rẹ́rìn-ín. Ó ti di ẹ̀rọ lóòótọ́.

Mo wo páálí náà. Mo rí ìlà mẹ́ta tó tò léra wọn ní igun kan. Mo ní, "Ebè nìyí. Ibi tí ebè bá wà, oko ló wà." Mo tẹ̀ ẹ́. Mùtíátù gbé ìwé mìíràn lé e: ọ̀rọ̀ lásán ló kún un, orúkọ, èdè, ìrànlọ́wọ́. Mo ní, "Ebè tí kò hu iṣu." Bírò àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Mo rí ilé kékeré kan. Mo ní wọ́n fẹ́ mọ ilé mi kí katakata má baà ṣìnà. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dá mi padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo tún yí kiri, mo tún tẹ ilé, ó tún dá mi padà. Mo ní, "Irú ilé wo lèyí tó ń lé onílé padà sí ìta?" Mo rí páànù kan tó ní ọwọ́, mo ní bóyá wọ́n fẹ́ dín ẹyin fún awakọ̀ katakata. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó gbé lẹ́tà jáde rẹpẹtẹ, ó ní kí n kọ nǹkan tí mò ń wá. Bí mo bá mọ̀ ọ́n kọ, ṣé n bá wá síbí?

Òógùn ń bọ́ sí mi lójú. Gbogbo ojú ń wò mí. Mo gbàgbé Ìyá Ṣẹ́gun, mo gbàgbé ẹni tó bí mi.

"Mùtíátù!"

Bírò àwọn ọmọ dúró. Ẹnu ọmọ mi là. Mo rí ìdáhùn náà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó fi eyín di ètè mú, ó gbé ohùn rẹ̀ mì.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ bí a ṣe ń tọ́mọ. Bí baba bá pe ọmọ, ì báà wà nínú balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú, á dáhùn. N kò tíì pe Mùtíátù rí láti ìgbà tó ti mọ orúkọ rẹ̀ kí n má gbọ́ "Sà". Mo mọ òfin ibẹ̀, wọ́n ti sọ fún mi kí n tó wọlé. Ṣùgbọ́n orí ló mọ òfin o, ẹ̀jẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ ni mò ń pè?"

Omijé já bọ́ lójú rẹ̀, ó kán sórí katakata, ọ̀dà pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Kò nù ún. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn kí wọ́n má baà ràn mí lọ́wọ́. Ìgbà yẹn lojú mi là. Òun ló ń jìjàkadì, èmi sì ni mò ń tì í. Bí mo bá pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, á dáhùn. Kò sí ọmọ tó lè fara dà á lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi baba rẹ̀ ni màá ti fi ẹnu ara mi lé e jáde níbi tí ọkàn rẹ̀ wà.

Mo gbé ojú kúrò lára ọmọ mi. Mo kọjú sí páálí.

"Ìwọ ni mò ń bá wí," mo ní. "Ìwọ páálí. Ọmọ mi kò ṣẹ̀ mí. O ya ìlà, kò sí oko. O ya ilé, kò sí ìlẹ̀kùn. O gbé páànù síta, kò sí epo. Mo ní katakata ni mo fẹ́, ò ń bi mí léèrè ìwé. Katakata tó o gbé lé orí yìí ńkọ́, ṣé o gbé e sọ́rùn bí ẹ̀gbà ni?" Mo wá ki ìka mọ́ katakata náà gan-an, níbi tí omijé ti rin ín. "Òun ni mo fẹ́. Gbé e wá!"

Mùtíátù yọ ọwọ́ lábẹ́ itan, ó na ọwọ́ sí àwọn ìwé rẹ̀. Ó tú wọn wò. Ó tún wọn tú. Kò sí. Ẹwà ló ya katakata yẹn fún. Kò ronú pé ẹnikẹ́ni á tẹ̀ ẹ́. Mo rí i tí ojú rẹ̀ fẹ̀, bí ẹni tó wá kọ́kọ́rọ́ káàkiri tó sì rí i lọ́wọ́ ara rẹ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó yí wa ká mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bàbá, ẹ ṣeun," Dókítà ní. "Ó tó."

Mo rò pé ó ti tán. Mo ṣí fìlà. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orí líle mi jẹ ọmọ yìí níyà. Kò sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà rí i. Èmi ni n kò rí katakata pè."

"Bàbá, ẹnikẹ́ni kò lè rí i pè nínú páálí yẹn; àléébù náà ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ó dára kó kọ̀ lónìí tó jẹ́ páálí, ju kó kọ̀ nígbà tó bá ti wà lọ́wọ́ àgbẹ̀." Ó súnmọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá tèmi mu. "Mo gbọ́ pé ẹ ń bínú nítorí Ṣẹ́gun. Ọmọ dáadáa ni, mo sì ń retí rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti dáhùn, a kò ní mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó. Ta ló máa bá fóònù yẹn lọ sí gbogbo abúlé láti máa sọ pé 'èyí, mọ́mì'?"

N kò rí èsì fún un. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣẹlẹ̀.

Ó wá yíjú sí ọmọ mi. "Mùtíátù, mo ti gbà ọ́. O lè sọ̀rọ̀ báyìí."

Mo rò pé á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé á fò sókè, nítorí Débọ̀rà tó ń yọjú lójú fèrèsé ti ń fò. Mùtíátù dìde, ó yí tábìlì náà po, ó wá síwájú mi, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níṣojú gbogbo wọn.

"Sà," ó ní. "Ẹ pè mí, Bàbá mi."

Mo wò ó. Mo fi etí aṣọ mi nu ojú rẹ̀. Mo ní mo ti gbàgbé ohun tí mo fẹ́ bi í.